Fúrúùtù tàbí ìtàkùn ẹ̀fọ́: ohun tí ojú mi rí rèé

Ẹ kú ilé tuntun o, àbúrò mi. Ilé á tura. Mo gbọ́ ìbéèrè yín yé: ààbọ̀ plọ́ọ̀tì lẹ kọ́lé sí, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń yan yín nínú yàrá bí iṣu inú ààrò. Bàálé yín fẹ́ gbin igi fúrúùtù, èyí tí òyìnbó ń pè ní tropical almond, kí ọgbà lè ní ibòji. Ẹ̀yin fẹ́ kí ùgú gun àtíbàbà lójú fèrèsé, kí ẹ máa rí ewé já. Ẹ ní ta ni kí a dá láre. Èmi ti gbin méjèèjì sínú ọgbà kan náà n'Ìbàdàn, lọ́nà Mọ́níyà. Fúrúùtù ò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀fẹ́ ni mo gbìn ín, owó gidi ni mo fi gé e.

Ọdún 2011 ni. Mo rí ọmọ fúrúùtù kan tó lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀ lábẹ́ ìyá rẹ̀ nílé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, mo wú u, mo wé e sínú ọ̀rá, mo gbé e wálé. Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 sí ògiri kíṣìnì ni mo gbìn ín sí. Ṣebí ibẹ̀ ni oòrùn ń gbà wọlé. Igi yẹn ò kọ́kọ́ já mi kulẹ̀ o. Ẹ̀yin náà mọ bí fúrúùtù ṣe máa ń ta ẹ̀ka: á tẹ́ pẹrẹsẹ yí ara rẹ̀ ká, á tún gòkè díẹ̀, á tún tẹ́ òmíràn, bí ilé alájà. Nígbà tó fi máa di 2014, àga la ń gbé sábẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin àdúgbò ń wá di irun níbẹ̀. Bàálé mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ta ayò títí ilẹ̀ á fi ṣú, èmi á sì máa fọ́nnu fún gbogbo ayé pé èmi ni mo gbìn ín.

Ewé rẹ̀ ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ewé fúrúùtù á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó dùn-ún wò, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Inú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, nígbà tí ẹni ń wá ibòji kiri, ló máa ń bọ́ra sílẹ̀. Ó máa ń tètè rú padà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ewé tó já ńkọ́? Ọ̀kan tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi méjì lọ. Ó kún orí páànù, ó dí ojú gọ́tà òkè ilé. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún 2016 dé, omi ò rọ́nà, ó bá sílíǹ wọlé sórí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ. Àdán tún mọ ibẹ̀ lóru. Wọ́n á jẹ ara èso, wọ́n á sọ kóró sórí páànù, gbì! Àlejò tó bá sùn sílé wa á rò pé olè ti dé. Ìyá tó wà ní ilé kejì ní ewé ń kún kànga òun. Èmi ni mo wá ń gbálẹ̀ ilé méjì láràárọ̀.

Èyí tó wá kọ mí lóminú jù lọ ni ti 2018. Omi ilé ìyàgbẹ́ ò lọ mọ́. A ra oògùn, a dà á sí i, a pe ẹni tó ń gún un, pàbó. Ìgbà tí wọ́n ṣí súkáwè, ọkùnrin tó wà nínú kòtò ní, "Màmá, ẹ wá fojú ara yín rí i." Gbòǹgbò kan tó tó apá ọmọ ọdún mẹ́wàá ti gba àárín búlọ́ọ̀kù méjì wọlé. Nínú kòtò, ó ti fọ́nká wúruwùru, pupa fẹ́ẹ́rẹ́, bí irun ẹni tí kò di orí láti oṣù mẹ́ta. Omi ló bá lọ. Ìgbà yẹn ni mo tó fẹ̀sọ̀ wo fẹ́ǹsì, tí mo rí i pé ibi tó sán níbẹ̀ gba báírò wọlé tìdí tìdí. Lọ́dún 2019, a gé e. Ilé wà lápá kan, wáyà iná wà lápá kejì, nítorí náà wọn ò lè dá a lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: wọ́n ń fi okùn so ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, iye ẹ̀ka ni wọ́n sì fi ń dá owó lé mi lórí. Kùkùté rẹ̀ ṣì ń rú dòní. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àdá la tún máa ń gbé.

Ẹ má rò pé mo kórìíra igi. Ẹ wo ọ̀dán tí àwọn baba wa ń gbìn. Ojú ọjà ni wọ́n ń gbìn ín sí, tàbí iwájú ààfin, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tí ògiri kankan ò sí nítòsí. Mi ò tí ì rí ọ̀dán tí wọ́n gbìn sẹ́yìn yàrá ẹnikẹ́ni. Ààyè ni igi ibòji ń jẹ, ààbọ̀ plọ́ọ̀tì ò sì ní i. Kí bàálé yín mú téèpù, kó wá ibi tó jìnnà ní ẹsẹ̀ bàtà 20, ó kéré tán, sí ilé, sí fẹ́ǹsì, sí súkáwè àti sí kànga, tí wáyà iná ò sì gba òkè ibẹ̀ kọjá. Bí ó bá rí i, kó gbìn ín, mo bá a yọ̀.

Ó wá ku ẹ̀fọ́ yín. Àṣìṣe tèmi ni pé mo kọ́kọ́ jẹ́ kí ùgú gun fúrúùtù yẹn nígbà tó ṣì wà. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé mi ò ní náwó ra ọparun. Oṣù kejì, ìtàkùn ti dé ibi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò tó. Ewé tó kù nísàlẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí bébà nítorí kò rí oòrùn, tanpẹ́pẹ́ sì gba gbogbo ara igi. Ẹ̀fọ́ wà lókè, èmi wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gbin méjèèjì pọ̀, kí ọ̀kan gun èkejì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má ṣe é.

Lórí àtíbàbà, ùgú ṣe dáadáa. Ẹ má sá kóró rẹ̀ gbẹ bí ẹ̀gúsí o, bó bá gbẹ tán, ó kú nìyẹn. Ẹ gbìn ín bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Tó bá fi tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ ó máa gé e. Ọ̀bẹ ni kí ẹ fi gé e, ẹ fi ìdí sílẹ̀ kó lè pẹ̀ka. Ó ní ako, ó ní abo, kò sì sí bí ẹ ṣe lè wo kóró kí ẹ mọ̀. Abo ló máa ń léwé ńláńlá. Ẹ gbìn ín pọ̀ díẹ̀ kí abo lè wà níbẹ̀. Bí abo bá wá so, kí ẹ ti fi igi gidi ro àtíbàbà yín. Mẹ́ta ló so sórí tèmi lọ́dún kan, èyí tó tóbi jù wúwo ju ọmọ tuntun lọ, ọparun ṣẹ́ lóru, gbogbo rẹ̀ wó lé adìẹ mi lórí. Adìẹ ò kú ṣá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Inú òjò ni ùgú máa ń bo àtíbàbà dáadáa, nígbà tí oòrùn ò tilẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀. Tó bá di oṣù kejì ọdún, tí ilé ń gbóná janjan, okùn gbígbẹ lẹ ó máa wò bí ẹ ò bá bomi rin ín. Ìdí nìyẹn tí mo fi yí sí amúnútutù, ìtàkùn ẹ̀fọ́ mìíràn, lójú fèrèsé kíṣìnì, tí mo gbé ùgú lọ sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì. Omi tí mo fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ ni mo ń dà sí amúnútutù náà nídìí láàárọ̀ lálẹ́, ó sì ń dúdú minimini nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ewé rẹ̀ ki, ó ń yọ̀ bí ilá nínú ọbẹ̀, ó sì dára pẹ̀lú ẹ̀gúsí. Mo máa ń na ọwọ́ gba ojú fèrèsé já a sínú ìkòkò. Èso rẹ̀ wẹ́wẹ́ dúdú yẹn, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi kan aṣọ ilé ìwé. Àwọn tèmi fi kọ orúkọ ara wọn sára ògiri.

Àtíbàbà yín ò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo rí ejò lẹ́ẹ̀kan, tútù bí ewé gan-an, ó rọra na ara rẹ̀ sórí irin fèrèsé níbi tí ìtàkùn ti kan nẹ́ẹ̀tì. Láti ọjọ́ náà, mo fi ààyè tó tó ẹsẹ̀ bàtà 3 sílẹ̀ láàárín wọn, mo sì ń gé ohunkóhun tó bá fẹ́ sọdá. Afẹ́fẹ́ tún ń gba ibẹ̀ wọlé dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Yàrá wa ò tutù tó ìgbà fúrúùtù, kí n má tàn yín. Ṣùgbọ́n ó tura, súkáwè mi sì wà ní àlàáfíà. Ní ti irúgbìn, ẹ má ra amúnútutù. Ẹ tọrọ igi rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ní in, èyí tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ dànù, ẹ kì í bọlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wọ́n omi sí i. Ó lè rọ lọ́jọ́ kejì, ẹ má fà á tu.