Kí ló dé tí ilé ìwòsàn fi ní kí n dúró de kóòdù HMO kí wọ́n tó tọ́jú mi?

Torí pé ọ̀tọ̀ lẹni tó ń tọ́jú yín, ọ̀tọ̀ lẹni tó ń sanwó. HMO ni ilé iṣẹ́ tó ń sanwó ìtọ́jú yín fún ilé ìwòsàn; kóòdù sì ni nọ́ńbà tó fi ń fọwọ́ sí i pé òun máa san án. Lábẹ́ ètò NHIA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìbánigbófò ìlera ní Nàìjíríà, HMO máa ń san owó kan lóṣooṣù lórí orúkọ yín fún ilé ìwòsàn tí ẹ yàn, ẹ lọ o, ẹ ò lọ o. ₦750 ni tẹ́lẹ̀. Ní 2025 ni wọ́n sọ ọ́ di ₦1,450. Inú owó táṣẹ́rẹ́ yìí ni ìtọ́jú ibà àti àyẹ̀wò kéékèèké ti ń jáde, nítorí náà, bí ẹ bá ṣe ń lọ léraléra tó ni èrè ilé ìwòsàn ń dínkù. Ibẹ̀ ni “oògùn yẹn ti tán, ẹ lọ rà á níta” ti sábà máa ń wá. Bí oògùn náà bá wà nínú àkọsílẹ̀ NHIA, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀ péré ló kàn yín.

Iṣẹ́ abẹ, skáànù àti dókítà àkànṣe ló ń gba kóòdù, torí HMO ń san ìwọ̀nyẹn lọ́tọ̀. Ní ti ètò aládàáni tí ibi iṣẹ́ rà fún yín, owó tí HMO ò bá ná, tiẹ̀ ni. Ẹ ò rí i pé kò sóhun tó ń lé e láti yára?

Ẹ béèrè aago tí ilé ìwòsàn fi ìbéèrè kóòdù ránṣẹ́ sí HMO. Wákàtí kan ni NHIA fún HMO láti dáhùn. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ pe HMO fúnra yín, kí ẹ sì fi ẹjọ́ sun NHIA. Bí HMO bá kọ̀ láti fún yín ní kóòdù, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ìtọ́jú pàjáwìrì kì í dúró de kóòdù rárá.