Ẹsẹ̀ ọmọ mi ń tẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì tó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì Àgbà. Ọmọkùnrin mi pé ọdún mẹ́rin. Látìgbà tí mo ti já a lẹ́nu ọmú, ògì ló ń mu láàárọ̀, ẹ̀kọ tàbí àmàlà pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá lálẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti ń tẹ̀ síta. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, PCV rẹ̀, ìyẹn ìdá ẹ̀jẹ̀ pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, jẹ́ 27. Mo ti ra hóró kálísíọ́mù àti òògùn ẹ̀jẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní n kò gbọdọ̀ fún un lẹ́yin, pé á di olè. Kí ni kí n ṣe? Ìyá Àlàbí, Ìwó.

ÌDÁHÙN: Ìyá Àlàbí, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ ẹyin ni n ó kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Ẹyin kì í sọ ọmọ di olè. Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá gbọ́ ọ, torí àwọn ọmọ tó yẹ kó jẹ ẹ́ gan-an là ń fi dù. Ẹyin kan ní pùrótíìnì, èròjà oúnjẹ tó ń kọ́ ara, bíi gíráàmù 6, ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ sì nílò bíi 19 lóòjọ́. Ẹ fi sùúrù bá màmá sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ fún ọmọ lẹ́yin.

Kálísíọ́mù tẹ́ ẹ rà dáa, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè ṣe eegun. Ẹ wò ó fúnra yín: ẹ rẹ eegun adìyẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sínú fíníígà fún ọjọ́ mélòó kan. Kálísíọ́mù á yọ́ kúrò nínú rẹ̀, eegun á wá máa tẹ̀ lọ́wọ́ yín láìṣẹ́. Èyí tó ṣẹ́ kù yẹn, pùrótíìnì ni. Ẹ ju òmíràn sínú ẹyín iná títí yóò fi funfun. Pùrótíìnì ti jóná. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á rún. Ara ọmọ tó ń dàgbà á kọ́kọ́ fi pùrótíìnì hun eegun tuntun, kó tó kó kálísíọ́mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sí i.

Ẹ̀jẹ̀ náà ń béèrè tirẹ̀. Nínú èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa, pùrótíìnì ló di irin mú, ìyẹn èròjà inú oúnjẹ tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Òògùn ẹ̀jẹ̀ yín kó irin wá, ara ò rí ohun tí yóò fi dì í mú tó. Kódà, nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún kálísíọ́mù tó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀, pùrótíìnì ló gbé e.

Nígbà tẹ́ ẹ bá sẹ́ ògì, púpọ̀ nínú pùrótíìnì àgbàdo ń bá èérí lọ, èérí tí à ń dà fún ewúrẹ́! Ọmọ wá ń mu ògì yó, kò rí èyí tí yóò fi kọ́ ara.

Síbẹ̀, ti ẹsẹ̀ títẹ̀, àìtó kálísíọ́mù ló wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ wa. Lọ́dún 1999, àwọn dókítà gbé ìwádìí kan jáde láti Jos. Àwọn ọmọ tó ní àrùn ẹsẹ̀ títẹ̀ yìí ò rí ju bíi 200 mílígíráàmù kálísíọ́mù jẹ lóòjọ́. Àwọn tí wọ́n fún ní kálísíọ́mù, pẹ̀lú fítámì D tàbí láìsí i, sàn ju àwọn tó gba fítámì D nìkan. Nítorí náà, ẹ má dá hóró yẹn dúró, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí dókítà sọ iye tí yóò máa lò.

Ẹ máa po sóyà mọ́ ògì rẹ̀. Ẹ lọ ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́ tegungun-tegungun, kó kúnná dáadáa, kẹ́ ẹ dà á sínú ọbẹ̀ ilá yẹn. Pùrótíìnì àti kálísíọ́mù ló kó pọ̀. Wàrà àwọn Fúlàní náà ní méjèèjì. Ẹ fún un ní mọ́ínmọ́ín, kó lá ọsàn tẹ̀ lé e kí irin lè wọra. Ẹ má fi tíì sin oúnjẹ rẹ̀.

PCV tí kò tó 33 kéré fún ọmọ yìí, oúnjẹ nìkan kọ́ ló sì ń fà á. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ibà, aràn àti jẹ́nótáìpù rẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya X-ray eékún rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ iṣẹ́ abẹ fún yín.