Kí ló dé tí a kì í gbọn igi ẹmi?

Ẹnì kan béèrè pé kí ló dé táwọn àgbà Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, fi máa ń ní a kì í gbọn igi ẹmi, igi tí à ń fi kóró èso rẹ̀ ṣe òrí, àfi ká ṣa èyí tó bá já fúnra rẹ̀. Ìdáhùn táwọn èèyàn ń gbé kiri ni pé iwin ló ń gbé orí igi náà, pé ẹni tó bá gbọ̀n ọ́n, orí á máa fọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé é. Gbogbo ohun tí kò bá ti yé wa, iwin la máa ń dì í rù.

Ẹ wo ṣóńṣó ẹ̀ka ẹmi dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni òdòdó rẹ̀ ti ń yọ nígbà ọ̀yẹ́. Ẹni tó bá ń fi ọ̀pá lù ú lóṣù kẹfà, ṣóńṣó yẹn ló ń dá, èso ọdún tó ń bọ̀ ló sì ń gbọ̀n dànù. Igi tó gba nǹkan bí ọdún 15 sí 20 kó tó so rárá! Àwọn àgbà mọ̀ pé táwọn bá ní “ẹ má dá ṣóńṣó”, ọmọdé ò ní gbọ́. Wọ́n wá sọ ọ́ di èèwọ̀.

Èso orí igi kan kì í gbó lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú. Láti oṣù karùn-ún dé ìkẹjọ ló ń já díẹ̀díẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá gbọ̀n sílẹ̀ láìgbó, oje funfun ló kún inú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sá a, ọmọ inú kóró rẹ̀ á hunjọ, òróró rẹ̀ kò ní tó nǹkan.



Ìdájí làwọn obìnrin ń lọ ṣà á, kí màlúù àti ewúrẹ́ tó dé ìdí igi, pẹ̀lú iná lọ́wọ́ nítorí ejò. Ti inú oko, olóko ló ni ín. Ti inú igbó, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé. Ohun tó ń ba òrí jẹ́ jù ni òkìtì kóró. Ẹ kó kóró tútù jọ fún ọjọ́ mélòó kan, ó ti ń hù nìyẹn, òróró inú rẹ̀ á sì kan. Ẹ bó ara èso kúrò, ẹ se kóró rẹ̀ lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì, ìṣẹ́jú 30 sí 45 nínú omi tó ń hó, kẹ́ ẹ sá a sórí tapolín, kì í ṣe sórí ilẹ̀ lásán. Tẹ́ ẹ bá mì í tó ń dún sẹkẹsẹkẹ, ó tó fọ́. Ẹni tó bá fi èéfín gbẹ ẹ́ torí ìkánjú, òrí dúdú ni yóò rí. Nǹkan bíi kílò 4 ọmọ inú tó gbẹ ló ń di kílò 1 òrí, ìyẹn lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n pò o.

Lónìí, àwọn tó ń pariwo iwin yìí náà ló ń gé ẹmi sun èédú. Inú ilẹ̀ tó ń sinmi ni ọmọ ẹmi ti ń hù, ilẹ̀ náà sì ti di oko kajú àti ẹ̀wà sóyà láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé ìlú Kìlìbò. Awakọ̀ tirakítọ̀ ò sì mọ ọmọ ẹmi yàtọ̀ sí koríko. Èyí tó bá ti dé orókún, ẹ ri igi gígùn mẹ́ta yí i ká, kẹ́ ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọn kí wọ́n tó wá túlẹ̀.