Jáàkì bàbá mi há sókè, kò fẹ́ wálẹ̀ mọ́

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Jáàkì elépo kan ni bàbá mi fi sílẹ̀, tọ́ọ̀nù 10 ni. Awakọ̀ lọ́rì ni wọ́n nígbà ayé wọn. Ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ tí jáàkì náà ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo gbé e jáde, ọ̀pá rẹ̀ ti wà lókè, ó tó ìdajì. Mo bu ọ́ìlì sí i títí ó fi kún dé ẹnu, mo sì dé e. Ọ́ìlì búréèkì ló wà nílé, òun ni mo lò. Nígbà tí mo pọ́ǹpù ú, ó gòkè díẹ̀ sí i. Mo wá tú rilíìsì (súkúrù tí a ń tú kí jáàkì lè sọ̀kalẹ̀), mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ó padà sí ibi tí mo ti bá a, ó sì dúró gbagidi síbẹ̀. Aládùúgbò mi kan ní kí n fi iná yá a, òmíràn ní kí n fi òòlù gbá a lórí. Mi ò fẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé òòlù sílẹ̀, kí iná má sì sún mọ́ jáàkì yẹn rárá. Ọ́ìlì tó wà nínú irin tí a dé pinpin, bí ó bá gbóná, yóò wú, kò sì ní ibi tó máa gbà jáde. Ó lè fi ìdérí rẹ̀ sọ̀kò sójú ènìyàn, síìlì inú rẹ̀, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, á sì jóná kí irin tó gbóná dé ibi tí ẹ ń fẹ́. Òòlù ní tirẹ̀ máa ń tẹ orí ọ̀pá fẹ̀, ọ̀pá tí orí rẹ̀ bá sì ti fẹ̀ kò ní lè gba inú nọ́ọ̀tì òkè (nọ́ọ̀tì ńlá tí ọ̀pá ń gbà jáde) kọjá mọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́.

Ohun kan nínú ìbéèrè yín ló ta mí lólobó: ẹ ní ó padà sí ibi tí ẹ ti bá a gan-an, kò lọ sókè ibẹ̀, kò lọ sísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìpẹtà nìkan ló mú un, ibi tó bá wù ú ni ì bá dúró sí. Mo gbà pé ọ́ìlì tí ẹ bù sí i nígbà tí ọ̀pá wà lókè ló há a.

Sílíńdà kan wà láàárín jáàkì elépo, inú rẹ̀ ni ọ̀pá ńlá tó ń gbé ẹrù ti ń gòkè sọ̀kalẹ̀. Àyè tó yí sílíńdà náà ká ni ikùn jáàkì, ibẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbé nígbà tí jáàkì bá wà nílẹ̀. Bí ẹ bá ń pọ́ǹpù, ọ̀pá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń fa ọ́ìlì láti inú ikùn, ó sì ń tì í lọ sábẹ́ ọ̀pá ńlá. Ọmọ bọ́ọ̀lù irin méjì ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kan ń jẹ́ kí ọ́ìlì wọ pọ́ǹpù, kò sì jẹ́ kó padà sí ikùn. Èkejì ń jẹ́ kó kọjá sábẹ́ ọ̀pá, kò sì jẹ́ kó padà sí pọ́ǹpù. Rilíìsì ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ọ́ìlì ń gbà padà sí ikùn nígbà tí a bá fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Nítorí náà, bí ọ̀pá bá wà lókè, ikùn kò gbọdọ̀ kún, torí ọ́ìlì rẹ̀ kan ti wà lábẹ́ ọ̀pá, ó sì máa padà wálé. Ẹ ti bu òmíràn dí àyè rẹ̀. Èyí tí ẹ pọ́ǹpù lẹ́yìn náà nìkan ló rí àyè padà sí, ìyẹn ló ṣe dúró síbi tí ẹ ti bá a. Ọ́ìlì kì í ṣe afẹ́fẹ́ tí a lè fún pọ̀, ẹni tó bá sanra jù kò lè fi ìwúwo ara rẹ̀ tì í wọlé.

Ẹ gbé jáàkì náà dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ohunkóhun má sí lórí rẹ̀. Ẹ tú rilíìsì sí òdìkejì bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, kó yí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀kan ààbọ̀, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ má bàa bọ́. Ẹ fi àkísà bo ìdérí ọ́ìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ (rọ́bà ni ti ọ̀pọ̀ jáàkì), ẹ gbójú kúrò níbẹ̀, kí ẹ wá rọra yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ọ̀pá ńlá. Bí ọ́ìlì bá ń tú jáde tí ọ̀pá sì ń wálẹ̀, ohun tí mo sọ náà ni. Bí kò bá mira, ìpẹtà ti dá sí i. Ẹ da kẹrosíìnì díẹ̀ tí ẹ lú mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí ìdí ọ̀pá níbi tó ti wọ inú nọ́ọ̀tì, kó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ní àárọ̀, ẹ fi páípù réńṣì tí ẹ ti fi awọ tàbí àkísà wé ẹnu rẹ̀ di orí ọ̀pá mú, ẹ yí i lọ, ẹ yí i bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Yíyí ló ń já ìpẹtà, kì í ṣe títẹ̀. Mo ti rí èyí tó gba ọjọ́ mẹ́ta.

Bí ó bá wálẹ̀, ẹ má tíì yọ̀. Ọ́ìlì búréèkì kò gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi ṣe síìlì jáàkì kò bá a mu rárá. Á wú, á rọ̀ bí àkàrà tó bọ́ sínú omi, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Yàtọ̀ sí èyí, ọ́ìlì búréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi náà ló sì ń bí ìpẹtà. Nínú ọ̀rinrin ilẹ̀ wa yìí, kì í pẹ́ rárá. Ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, ẹ fi kẹrosíìnì fọ ikùn náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, títí ohun tó ń jáde yóò fi mọ́. Níwọ̀n bí síìlì ti mu ọ́ìlì búréèkì, ẹ ó pààrọ̀ wọn. Ìyẹn ni pé ẹ ó tú u.

Ẹ fi fáìsì di ìdí rẹ̀ mú, ẹ fi páípù réńṣì tó gùn tú nọ́ọ̀tì ńlá òkè. Ó máa ń le. Ẹ jẹ́ kó mu kẹrosíìnì dáadáa, kí ẹ sì fi agbára tó gùn fà á dípò èyí tó ń já gìrì. Lẹ́yìn tí ọ̀pá bá jáde, ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú sílíńdà, torí ibẹ̀ ni ìpinnu wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bínú sí ìpẹtà ara ọ̀pá tí gbogbo ayé ń rí. Nọ́ọ̀tì òkè ni ìyẹn ń há sí, ó sì ń gé síìlì kékeré ibẹ̀. Ṣùgbọ́n inú sílíńdà ni agbára ọ́ìlì wà. Bí ìpẹtà ibẹ̀ bá fúyẹ́, sáńdípépà 400 tí ẹ rì sínú ọ́ìlì yóò mú un kúrò. Ẹ máa fi yí po, ẹ má fà á gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, torí ilà tó bá gùn ni ọ́ìlì máa gbà sá. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ihò sínú ògiri débi pé èékánná yín ń kọ́ ọ, kò sí síìlì tó lè dí i. Bí ìdí jáàkì bá ti sán, tàbí ẹnìkan ti jó o ní wẹ́dà rí, tàbí tí ọ̀pá bá tẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀ sílé gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí bàbá, kí ẹ ra òmíràn fún iṣẹ́.

Àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù náà, ẹ tẹ́ bébà funfun sílẹ̀ kí ẹ tó yọ wọ́n, kí ẹ sì kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí wọn kì í dọ́gba nígbà gbogbo. Èyí tó bá ti dípẹtà, ẹ wá bọ́ọ̀lù tuntun tí ìwọ̀n rẹ̀ bá a mu. Kí ẹ tó dá súkúrù padà sórí bọ́ọ̀lù tuntun, ẹ gbé irin bàbà kékeré lé e, kí ẹ fi òòlù kékeré kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, kó lè tẹ àyè ara rẹ̀ síbi tó máa jókòó sí. Òòlù kan ṣoṣo tí mo fọwọ́ sí nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Súkúrù kan tún lè wà tí wọ́n fi ìdérí tàbí ọ̀dà dì pa, èyí tó ń tú agbára sílẹ̀ bí ẹrù bá wúwo jù. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Nípa síìlì, ẹ má gbé èyí tó ti wú lọ ra tuntun, torí ìwọ̀n rẹ̀ ti ń purọ́. Inú sílíńdà àti ojú ihò tí síìlì ń jókòó sí ni kí ẹ wọ̀n. Ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta síìlì ní Ládípọ̀ ní Èkó tàbí ní Gate ní Ìbàdàn, ìwọ̀n ní mìlímítà ni wọ́n máa bi yín. Èyí tó wà ní ìdí ọ̀pá máa ń dà bí ife, ẹnu ife náà gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ́ìlì nísàlẹ̀. Ẹni tó bá dojú rẹ̀ délẹ̀ lódì yóò pọ́ǹpù títí ilẹ̀ á fi ṣú, jáàkì kò ní gbé ohunkóhun. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní 1795, Joseph Bramah gba ìwé ẹ̀tọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹ̀rọ ìtẹ̀ tó ń fi omi ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà, ṣùgbọ́n ó ń jò. Henry Maudslay tó ń bá a ṣiṣẹ́ ni wọ́n sọ pé ó fi awọ ṣe síìlì bí ife, èyí tí ètè rẹ̀ ń fẹ̀ mọ́ ògiri bí agbára bá ṣe ń pọ̀ sí i. Awọ ni síìlì àwọn jáàkì àtijọ́ mìíràn títí dòní. Bí ẹ bá bá awọ nínú ti bàbá, tí kò sì ya, ẹ rì í sínú ọ́ìlì jáàkì mọ́jú, ó lè padà rọ̀.

Ọ́ìlì jáàkì gan-an ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n kọ ISO 22 tàbí 32 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó) sí lára. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ki jù, ó ń mú kí ọ̀pá lọ́ra láti wálẹ̀. Ọ̀pá gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ pátápátá kí ẹ tó bù ú sí i, kó dé ìsàlẹ̀ ẹnu ihò, kó dúró síbẹ̀. Ẹ ṣí rilíìsì, ẹ pọ́ǹpù kíákíá bí ìgbà 15 kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, ẹ wá tì í. Bí ó bá ṣì ń rọ̀ bíi kànrìnkàn lábẹ́ ọwọ́, afẹ́fẹ́ ṣì kù, ẹ tún un ṣe.

Ẹ wo bí agbára tí ẹ ń bá ṣeré ṣe tó. Ká ní ọ̀pá kékeré fẹ̀ ní mìlímítà 10, ti ńlá fẹ̀ ní 40: ojú ti ńlá jẹ́ ìlọ́po 16 ti kékeré. Bí háńdù bá tún sọ agbára ọwọ́ yín di ìlọ́po 20, kílò 30 tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ yóò gbé kílò 9,600. Ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ọ̀pá nígbà náà ń tini ju ìlọ́po 300 afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ kékeré lọ. Bó bá gba ihò tín-ín-rín jáde, ó lè wọ awọ ara lọ. Ẹ má tú súkúrù kankan nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, àyàfi rilíìsì.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, jáàkì kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe sọ̀kalẹ̀ lójijì bí mo ṣe nawọ́ sábẹ́ ọkọ̀ mú nọ́ọ̀tì tó bọ́. Ìtì igi tí ọ̀gá mi ti tì sábẹ́ ló gba ọkọ̀ náà. Mo ṣì ní ọwọ́ méjèèjì nítorí igi yẹn. Torí náà, ẹ fi jáàkì bàbá gbé ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ kékeré, ẹ ti ìtì igi sábẹ́ rẹ̀, kí ó kù díẹ̀ kó kàn án. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sára ọ̀pá níbi tó ti jáde nínú nọ́ọ̀tì, ẹ kúrò níbẹ̀ fún iṣẹ́jú 30. Bí ilà bá ti wọlé, bọ́ọ̀lù tàbí síìlì ṣì ń jẹ́ kí ọ́ìlì sá, ẹ tún un tú. Bí ilà bá wà níbi tó wà, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí irin ọ̀pá wà nínú ọ́ìlì, kí ẹ gbé e ró síbi tí òjò kò ti ní kàn án.