Ẹsẹ̀ màmá wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìgbáròkó: ṣé ká máa wọ́ ọ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìgbáròkó ọ̀tún fún màmá mi, ẹni ọdún 71. Wọ́n yọ oríkèé tó ti jẹ, wọ́n fi onírin rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ 19 rèé. Ọgbẹ́ ti jiná, wọ́n sì ti ń fi wọ́kà rìn dé balùwẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ mẹ́ta ni ẹsẹ̀ ọ̀tún ti wú láti orúnkún wá sílẹ̀, ó sì ń dùn wọ́n lẹ́yìn ojúgun. Àbúrò mi ń fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ọ lálaalẹ́. A ti dá abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí ikùn dúró ní ọjọ́ kẹwàá, torí ó wọ́n, ọgbẹ́ náà sì ti gbẹ. Ṣé wíwú yìí á lọ fúnra rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ sọ fún àbúrò yín kó gbọ́wọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ màmá lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣèyẹn ná kẹ́ ẹ tó ka ìyókù. Òrí ò ṣe nǹkan kan o. Ohun tó ṣeé ṣe kó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìgbáròkó fún a máa wú díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Á tóbi nírọ̀lẹ́, wọ́n á gbé e lé ìrọ̀rí sùn, nígbà tílẹ̀ bá mọ́ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fò tán. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tó tún ń dunni lẹ́yìn ojúgun, lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀, èyí tí àwa dókítà ń pè ní DVT. Ẹ wá téèpù aránṣọ. Ẹ fọwọ́ wá egungun tó yọ gọngọ nísàlẹ̀ orúnkún, ẹ wọn sẹ̀ǹtímítà 10 sísàlẹ̀ láti ibẹ̀, ẹ fi bírò sàmì sí i, kẹ́ ẹ wá fi téèpù yí ẹsẹ̀ ká lójú àmì náà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹsẹ̀ òsì náà. Bí ọ̀tún bá fi ju sẹ̀ǹtímítà 3 tóbi ju òsì lọ, ọ̀rọ̀ ti ń le nìyẹn. Bí kò bá sì tó bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ lọ sọ́sibítù lónìí, torí ìrora yẹn àti abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ dá dúró.

Skáànù tí wọ́n máa ṣe níbẹ̀ ò ní abẹ́rẹ́ nínú. Wọ́n á fi nǹkan tó ń yọ̀ bí ọṣẹ sí ẹsẹ̀, wọ́n á máa fi ẹ̀rọ kékeré kan tẹ iṣan mọ́lẹ̀ láti itan wá sílẹ̀. Iṣan tó dáa á pẹlẹbẹ bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú rẹ̀ kò ní pẹlẹbẹ.

Ẹ ò jẹ̀bi bẹ́ ẹ ṣe rò pé ọgbẹ́ tó gbẹ ti parí ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọgbẹ́ ni abẹ́rẹ́ yẹn kọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì nínú iṣan ni wọ́n ṣe ń gún un. Nígbà iṣẹ́ abẹ, a máa ń yí itan sódì kí orí egungun lè jáde, iṣan ńlá inú itan á sì ká kò fúngbà díẹ̀. Ara fúnra rẹ̀ á mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè máa dì kó má bàa ṣòfò. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun tó ń ti ẹ̀jẹ̀ gòkè nígbà tá a bá ń rìn wá dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ewu yìí kì í lọ kíákíá. Ọjọ́ 10 sí 14 ló kéré jù fún oògùn náà, ọ̀pọ̀ nínú wa a sì máa gbé e dé ọjọ́ 35. Mo mọ̀ pé ó wọ́n. Bẹ́ ẹ bá sọ fún dókítà yín pé owó ò sí mọ́, ó lè pààrọ̀ rẹ̀ sí oníhóró. Kẹ́ ẹ dá a dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni ni mi ò fẹ́.

Rudolf Virchow, dókítà ará Jámánì, ló là wá lójú ní nǹkan bí 170 ọdún sẹ́yìn pé ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ẹsẹ̀ lè já, kó sì lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ nìyẹn. Bí màmá bá ń mí hẹlẹ-hẹlẹ lójijì, tí àyà ń gún wọn bí wọ́n bá mí sínú, tí wọ́n wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ tàbí tí wọ́n dákú, ẹ gbé wọn lọ sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ lóru.

Bí skáànù bá fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ti dì, oògùn oṣù mẹ́ta ó kéré tán nìyẹn. Oògùn náà kì í yọ́ èyí tó ti dì. Ó ń dá a dúró kó má tóbi sí i ni, ara á sì máa palẹ̀ rẹ̀ mọ́ díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ warfarin, oògùn oníhóró tí ẹ̀fọ́ lè dín agbára rẹ̀ kù, ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n má jẹ ẹ̀fọ́, kó ṣáà má jẹ́ pé wọn ò fẹnu kàn án lọ́sẹ̀ yìí kí wọ́n wá jẹ ìkòkò kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àgbo ńkọ́? Ẹ gbé ìgò rẹ̀ wá ká rí i. A kì í bínú. Kí wọ́n má lo ibuprofen, oògùn ìrora, torí òun àti oògùn yìí lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà nínú ikùn. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, ó lè jẹ́ àmì ẹ̀jẹ̀ yẹn, ẹ padà wá.

Ìgbáròkó tuntun yẹn ò ní bàjẹ́ nítorí èyí. Iṣan ẹsẹ̀ ló lè má padà sípò tán: àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké inú rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn padà sílẹ̀, lè bàjẹ́, kí ẹsẹ̀ máa wúwo nírọ̀lẹ́, kí awọ ọrùn ẹsẹ̀ sì máa dúdú. Bí ìtọ́jú bá ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ tó ni èyí ṣe máa dín kù.

Bẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú páálí abẹ́rẹ́ àti ìwé tí ọsibítù fún yín dání, kẹ́ ẹ sì sọ ọjọ́ tí wọ́n gún èyí tó kẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí màmá rìn dé ibùdókọ̀. Ẹ pe mọ́tò wá sẹ́nu ọ̀nà.