Kì í ṣe orí sódà ló yẹ kí o fẹ́ iná lé

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọṣẹ́ ni mí ní Lafẹ́nwá, Abẹ́òkúta níbí. Tí mo bá fẹ́ jó ẹnu òrùka fàdákà pọ̀, sódà fàdákà (ìyẹn irin tí à ń yọ́ láti fi so ẹnu méjèèjì pọ̀) máa ń ká róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀, kì í wọlé. Ẹnìkan ní kí n fi ójé àwọn tó ń tún rédíò ṣe jó o, kí n sì fi omi bátìrì fọ̀ ọ́. Àbí kí n ra tọ́ọ̀ṣì gáàsì tó lágbára ju èyí lọ?

Ìdáhùn: Má ra nǹkan kan, àbúrò mi. Iná rẹ tó. Ibi tí o ń dojú rẹ̀ kọ ni kò dáa.

Ọ̀pọ̀ yín rò pé àtè ni sódà, pé ẹ ó yọ́ ọ sórí ihò, yóò sì dí i. Irọ́ ni. Ibi tó gbóná jù ni sódà ń sá lọ, ojú tóóró ló sì ń fà á wọlé, bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà. Tí o bá fẹ́ iná lé sódà lórí, òun á yọ́, fàdákà abẹ́ rẹ̀ ò tíì gbóná. Kí ló fẹ́ lẹ̀ mọ́? Á ká ara rẹ̀ jọ ni. Fàdákà 925 (èyí tí 925 nínú 1000 rẹ̀ jẹ́ fàdákà gidi) ń yọ́ ní nǹkan bí 890 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ̀pọ̀ sódà fàdákà sì ń ṣàn kí ó tó 800. Àyè àárín wọn ò pọ̀. Òrùka oníbàárà ni tọ́ọ̀ṣì ńlá yẹn máa yọ́ fún ọ.

Gbé òrùka náà síbi ìmọ́lẹ̀, pa ojú kan dé. Tí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín ẹnu méjèèjì, padà sídìí fáìlì tí a fi ń ha irin, kí ẹnu méjèèjì lè pàdé. Fọ ọ̀rá ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Fi bọ́ráàsì (ìyẹ̀fun funfun tí ń jẹ́ kí sódà ṣàn dáadáa) tí o fi omi pò kun ojú ibẹ̀, kí o sì fi sódà tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ lé e. Bọ́ráàsì á hó, á wú funfun (sódà lè tàkìtì, fi ẹ̀mú tì í padà), á wá rọlẹ̀, á dán bíi dígí. Máa yí iná po gbogbo òrùka. Á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, lójijì sódà á kọ mànà lójú ìlà náà. Yọ iná kíá. Má ṣe é nínú oòrùn o, o ò ní rí pípọ́n yẹn. Àdìrẹ ògbólógbó kan láti Ìtòkú ni mo ta sójú fèrèsé tèmi, ó jìnnà sí iná dáadáa.

Ti ójé, lóòótọ́ ó tètè ń yọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá tún fi iná sí òrùka yẹn, ójé á jẹ fàdákà wọnú, á dá a lu. Tí wọ́n bá gbé irú ẹ̀ wá fún mi, mo ń dá a padà ni.

Omi bátìrì ńkọ́? Ásíìdì tó ń bó ara ni, ó sì ti gba inú ójé bátìrì kọjá. Ta ló ń kọ́ yín ní èyí? Álọ́ọ̀mù tí a fi ń mú omi tòrò, tí o bá fi omi sè é gbóná, tí o sì ki òrùka bọ̀ ọ́, á ṣí dúdú tí iná fi sára rẹ̀ kúrò, ó kàn lọ́ra ni. Má lo ìkòkò ọbẹ̀, má sì ti ẹ̀mú irin bọ̀ ọ́, kí fàdákà má baà pọ́n bíi bàbà.

N kò rí ọ̀pá gáàsì rẹ. Tí ó bá ń jò, tún un ṣe kí o tó ṣáná. Bi ẹni tó tà sódà fún ọ bóyá cadmium, irin olóró kan, wà nínú ẹ̀. Tí ó bá wà, dá a padà, èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Bẹ̀rẹ̀ lórí wáyà iná tó jẹ́ bàbà. Bó rọ́bà ara rẹ̀, má sun ún. Ká a sí òrùka mẹ́wàá, jó wọn. Tí mẹ́jọ bá ti mú dáadáa, o lè wá mú fàdákà.