Ẹ Bi Wá: A Ti Dìbò Ààrẹ Tán, Ọ̀dọ̀ Ta Ni Kí N Gbé Ìrètí Mi Lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àárọ̀ kùtù ni mo ti tò sórí ìlà, mo dìbò ààrẹ, ẹni tí mo dìbò fún sì wọlé. Ohun mẹ́ta péré ni mò ń retí: kí iná máa tàn ní ṣọ́ọ̀bù mi, kí wọ́n tún ọ̀nà oko wa ṣe, kí àwọn ọmọ wa ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Oṣù mélòó ni kí n fún ààrẹ? – Ìyá aránṣọ kan, Ìséyìn

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìdúró o, ìyá wa. Nínú ohun mẹ́ta yìí, ọ̀nà oko kò sí lọ́wọ́ ààrẹ rárá, àwọn méjì tó kù kò sì sí lọ́wọ́ òun nìkan.

Ẹ jẹ́ ká ti orí àga àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀, torí òun ni wọ́n máa ń ṣì gbé lọ sí Abuja jù. Ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, owó ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀: òfin UBE ti ọdún 2004 ní kí wọ́n máa yọ ìdá 2 nínú 100 owó àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìpínlẹ̀ tó lè gba ìpín tirẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ gbé ìdajì owó iṣẹ́ náà kalẹ̀ látinú àpò ara rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí kò bá gbé tirẹ̀ wá, owó á jókòó sí Abuja lọ́wọ́ UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń pín in, ọmọ á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ bi aṣòfin yín nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ pé, "Ṣé gómìnà ti san ìdajì owó UBEC ti ọdún yìí? Èló ló kan wọ́ọ̀dù wa níbẹ̀?" Ìbéèrè tó ní iye owó nínú, ó ṣòro láti fi ẹ̀rín dáhùn.

Ọ̀nà oko, ti káńsù ni. Márosẹ̀ tó so ìpínlẹ̀ mọ́ ìpínlẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, èyí tó so ìlú mọ́ ìlú nínú ìpínlẹ̀ kan sì sábà máa ń jẹ́ ti gómìnà. Alága káńsù lè sọ fún yín pé owó ò dé ọwọ́ òun. Ní ọjọ́ 11, oṣù keje, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà, nítorí náà ẹ ní kó fi ìwé hàn yín.

Ní ti iná, àtúnṣe tó wọ ìwé òfin ilẹ̀ wa ní 2023 ti gba ìpínlẹ̀ láàyè láti pèsè iná kó sì pín in, kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ bá dé. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àkóso ọjà iná wọn ní 2024. Wáyà ńlá tó ń gbé iná káàkiri orílẹ̀-èdè ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ṣá. Ọjọ́ tó bá dákú, gbogbo wa la jọ ń tan àtùpà.

Ẹ tún bi wá ní oṣù. Ìṣúná ni kẹ́ ẹ fi ka ọjọ́, ẹ má fi oṣù kà á. Oṣù kìn-ín-ní ni ìṣúná ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún sì ni ààrẹ ń búra, torí náà ìṣúná ẹlòmíì ló máa ń bá nílẹ̀. Bó ṣe rí ní 2023 nìyẹn: ìṣúná ọdún náà ti di òfin kí ààrẹ tuntun tó wọlé, àkọ́kọ́ tó jẹ́ tirẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni ti 2024, tó gbé lọ síwájú àwọn aṣòfin ní oṣù kọkànlá. Bí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ kó wọ ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó dé ọwọ́ aṣojú yín láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án. Lẹ́yìn ìyẹn, ààyè ti há.

ÌBÉÈRÈ: Ẹjọ́ ìbò ṣì wà ní kóòtù. Ṣé kí n ṣì máa retí nǹkan kan?

ÌDÁHÙN: Ẹ máa retí. Ọjọ́ 21 ni olùpẹ̀jọ́ ní láti fi pẹjọ́ lẹ́yìn ìkéde èsì, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní 180 ọjọ́, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní 60. Ẹjọ́ kì í dá ìbúra dúró. Ti 2023, ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ló tó parí.

ÌBÉÈRÈ: Ṣebí ààrẹ ṣèlérí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀. Kí ló dé tí kò kàn buwọ́ lu ìwé?

ÌDÁHÙN: Ìbúwọ́lùwé ààrẹ nìkan kò lè ṣe é. Bí wọ́n ṣe kọ ìwé òfin 1999, ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni abala 214 fọwọ́ sí fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Kí wọ́n tó lè yí i padà, ó gba aṣòfin àgbà 73 nínú 109, aṣojú-ṣòfin 240 nínú 360, àti ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Olóṣèlú tó bá ṣe irú ìlérí yìí láìdárúkọ àwọn aṣòfin, ẹ ti mọ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe wúwo tó.

ÌBÉÈRÈ: Mo kọ lẹ́tà sí káńsù wa pé kí wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi jẹ owó ọ̀nà wa. Wọn ò dá mi lóhùn. – Olùkọ́ kan

ÌDÁHÙN: Ẹ̀sùn lẹ fi kàn wọ́n, tíṣà, kò sí fáìlì tí wọ́n lè ṣí fún un. Ìwé tó ti wà nílẹ̀ ni òfin FOI ti ọdún 2011, ìyẹn òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé ìjọba, ní kí wọ́n fún yín. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

"Lábẹ́ òfin FOI 2011, mo ń bèèrè ẹ̀dà ìwé mẹ́ta lórí iṣẹ́ ọ̀nà tó ti gáréèjì lọ sí ọjà, láti oṣù kìn-ín-ní 2024 títí di òní: ìwé àdéhùn pẹ̀lú kọngílá, ìwé tó fi iye tí wọ́n ti san hàn, àti ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ ti parí."

Orúkọ ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì náà ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe ti kánsẹ́lọ̀ tí ẹ mọ̀. Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sára èyí tí ẹ máa mú lọ sílé. Ibẹ̀ ni lẹ́tà ti máa ń kú jù: láìsí òǹtẹ̀, wọ́n á ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ìwé náà, owó ẹ̀dà nìkan ni wọ́n sì lè gbà. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní. Wọ́n lè fi 7 mìíràn kún un, bí wọ́n bá sọ ìdí fún yín. Tí wọ́n bá dákẹ́, òfin ka ìdákẹ́ sí kíkọ̀, ẹ sì ní 30 ọjọ́ láti gbé wọn lọ sí kóòtù. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè fẹnu bèèrè. Òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹni tí mo dìbò fún kò wọlé. Ṣé èmi náà lè bèèrè gbogbo èyí?

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni. Ìkọ̀kọ̀ ni ìbò yín. Kò sí ibi tí ẹ ti máa kọ ẹgbẹ́ òṣèlú yín sínú lẹ́tà náà.